Ìkíni Tó Wọ Inú Àwo

Ohùn ni Ìyáàgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi ń ka wa. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, ohun tó ń rí kò ju ìyàtọ̀ òòrùn àti òjìji lọ. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń lọ sí oko rẹ̀ lẹ́yìn òkè, ọ̀pá lọ́wọ́, tó sì ń dá padà wá, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà náà. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa, kì í wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò dúró lẹ́bàá òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà níbẹ̀, yóò ní, "Ẹ kú ilé o," àwa tó wà nílé yóò sì máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: bàbá mi bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, Kọ̀jó àbúrò rẹ̀ tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ìyá mi, Kòfí ẹ̀gbọ́n mi, kó tó wá kan èmi Àfí tí mo kéré jù. Ẹni tí kò bá dáhùn, yóò pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nílé, ẹlòmíràn ní láti sọ ibi tó lọ. Ìgbà tí iye wa bá pé létí rẹ̀ ni yóò tó gbé ẹsẹ̀ kọjá òkúta náà. Mo ti gbé ilé mìíràn láti ìgbà yẹn, mi ò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mi ò ní sọ pé àṣà gbogbo àwa Ifẹ̀ Atakpamé ni. Àṣà ilé wa ni, ojú Ìyáàgbà ló sì dá a sílẹ̀.

Ohùn kò wọ́n nílé wa rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìyá mi ti ń lọ àgbàdo lórí ọlọ. Bí òòrùn bá gòkè díẹ̀, àwọn ẹyẹlé yóò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Bí ọ̀sán bá pọ́n, odó méjì ni yóò máa dá ara wọn lóhùn, odó wa àti ti ilé kejì, torí pé iyán ni oúnjẹ wa bí iṣu bá ti jáde, ọbẹ̀ ìbáà jẹ́ ilá, ìbáà jẹ́ ẹ̀gúsí. Ní ìsàlẹ̀ òkè, fèrè ọkọ̀ ojú irin yóò dún bó bá ń wọ ìlú. Ìyáàgbà mọ gbogbo rẹ̀. Ó lè wà ní ìdajì ọ̀nà oko, kó sọ fún ẹni tó bá pàdé pé ìyàwó òun ti ń gúnyán, pé iṣu ti òní sì le. Mo rò nígbà náà pé àsọdùn ni. Nígbà tí mo dàgbà, mo rin ọ̀nà náà fúnra mi, mo dúró ní àárín rẹ̀, mo sì gbọ́ odó ilé wa kedere láti òdìkejì, nítorí kò sí ohunkóhun nínú àfonífojì tó wà láàárín tó lè dá ohùn dúró. Kì í ṣe àsọdùn.

Ohùn kan wà nílé wa tí kò sí nílé ẹlòmíràn ní àdúgbò, ohùn píánò. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní ilé òwò àwọn Faransé kan tí wọ́n ń ra kọfí àti òwú. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó kan tó ń dá gbé, ló fi ọkọ̀ ojú irin gbé píánò náà gòkè wá láti Lomé. Nígbà tí ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó ní kí wọ́n gbé e wá sí yàrá àlejò wa, torí páànù tiwa ṣì tuntun. Nígbà tó yá ó padà sí ìlú rẹ̀, píánò kò bá a lọ. Bàbá mi ti mọ dùùrù tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn fádà, ṣùgbọ́n orin ìsìn nìkan ni. Àwo giramafóònù òyìnbó yẹn ló fi etí rẹ̀ mọ orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní jáàsì. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, yóò gbọ́ orin kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò wá sáré wálé kó má bàa gbàgbé. Ohun tó ń tẹ̀ nílé kì í ṣe ohun tó gbọ́ gan-an. Èyí dá mi lójú, torí mo ti gbọ́ irú àwọn àwo yẹn níbòmíràn. Ohun tó bá gbàgbé lójú ọ̀nà, ó ń fi ti ara rẹ̀ dí i.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá Kékeré ń ṣe, òun ló sì kan bàásì wọn, ohun èlò olókùn kan tó ga jù ú lọ, tó fi pákó àpótí ọṣẹ ṣe, tó sì fi ìfun àgbò ta okùn sí. Ẹnìkẹta ni Yawó, ọ̀rẹ́ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Òun ló ni ìlù, ìlù pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ oníbáńdì ilé ìwé tẹ́lẹ̀. Kì í fi ọ̀pá lù ú. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ kékeré méjì ló fi ń nu ojú rẹ̀, tí yóò máa dún ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣa ọwọ̀ ọ̀pẹ tó tọ́ fún un, kí n sì fi aṣọ gbígbẹ nu eyín píánò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣe é, lẹ́yìn ìsìn àti oúnjẹ, àwàdà kan náà sì ni wọ́n fi ń ṣí i.

"Yawó, o ń gbálẹ̀ ni àbí o ń lùlù?" Bàbá Kékeré ló máa bẹ̀rẹ̀.

"Ilẹ̀ tí mò ń gbá yìí náà ni ìwọ ń jó lórí rẹ̀. Wo okùn rẹ, ó ti dẹ̀."

"Okùn mi kò dẹ̀. Àgbò tí wọ́n ti yọ ọ́ ló ti rẹ̀."

Bàbá mi kì í dá sí i. Yóò dúró kí ẹ̀rín wọn tán, yóò wá ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀." Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, gbólóhùn yẹn ni. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa pàápàá, òun náà ni. Mi ò rò pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ tó pọ̀ tó ìyẹn ní ọdún náà.

Ìwé dé láti Lomé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Ọ̀gá tuntun ilé òwò náà ní kí wọ́n kó píánò sínú ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Àbámẹ́ta, torí ìyàwó òun fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ ní ilé wọn létí òkun. Bàbá mi ka ìwé náà ní ìdúró, ó ká a, ó fi í sápò, ó sì jókòó jẹun. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Kòfí, ẹ ò ní bá wọn sọ ọ́ ni?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Tiwọn ni."

Ó bu òkèlè, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí a fi í ṣe kì í ṣe tiwọn."

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, òyìnbó kan wà ní ilé àlejò ìjọba pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń kọ ohùn sára àwo. Ó ti lọ káàkiri títí dé Elavagnon, ó ń gba orin àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá mi lọ bá a. Bàbá Kékeré ló sọ fún wa. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òyìnbó náà dáhùn pé orin àtijọ́ ni òun wá gbà, pé píánò wà ní ìlú òun. Ní ọjọ́rú, ó ní àwo òfìfo kan ṣoṣo ló kù fún òun, òun ò sì ní fi í ṣòfò. Ní ọjọ́bọ̀, bàbá mi kò tún bẹ̀ ẹ́. Ó mú Bàbá Kékeré dání, bàásì lórí, wọ́n dúró sábẹ́ igi níwájú ilé àlejò náà, ó sì ní kí àbúrò òun máa ta okùn lọ. Òyìnbó jáde wá, ó fọwọ́ kan pákó bàásì náà.

"Kí lẹ fi ṣe é?"

"Àpótí ọṣẹ ni, Mùsíyé, àti ìfun àgbò," Bàbá Kékeré ló fèsì.

"Ẹ sì ń fi í ṣe orin Amẹ́ríkà?"

"A ń fi í ṣe orin tiwa," bàbá mi ló dáhùn. "Ẹ wá gbọ́ ọ kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé ìdajì rẹ̀ lọ."

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, àwo kan péré. Bó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó sì kìlọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò mọ èyí tí a fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a kò fẹ́. Gbogbo ohun tó bá dún ló ń kọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ náà, bàbá mi pe gbogbo ilé jọ, ó mú ìwé àti pẹ́ńsù bí ìgbà tó wà ní ọ́fíìsì, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun tó lè pariwo. Ìyá mi dárúkọ odó àti ọlọ. Kòfí dárúkọ ewúrẹ́. Mo dárúkọ àkùkọ, wọ́n yìn mí. Yawó ka wákàtí ọkọ̀ ojú irin, ó ní kò sí èyí tó máa fọn fèrè láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Bàbá Kékeré ní ilẹ̀kùn yàrá ń han, òun á fi epo pa á. Ìyáàgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó gbọ́ títí, ó ní, "Ẹ ti gbàgbé ẹyẹlé." Òótọ́ ni, a ti gbàgbé ẹyẹlé. Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ pa dà, ó béèrè bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù, a ní ó tán. Ìyáàgbà ní òun á dúró sí oko títí wọ́n á fi parí. "Bí mo bá gbọ́ odó ìyàwó mi," ó ní, "màá mọ̀ pé ẹ ti ṣe tán, màá máa bọ̀."

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bí ẹni tó ń yẹ ìṣirò wò. Ènìyàn mẹ́fà ló ń wá ariwo nínú ilé yẹn, akọ̀wé kan sì ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìkíni. Kì í ṣe pé a gbàgbé. Lójú wa, ìkíni kì í ṣe ariwo.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ilé wa dákẹ́ bí mi ò ṣe mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ti kó ewúrẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, Kòfí sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ wọn. Àwọn adìẹ wà nínú agbọ̀n nílé kejì, ibẹ̀ náà sì ti fi odó wọn sílẹ̀ nítorí wa. Bàbá Kékeré ti ju àgbàdo sí ẹ̀yìn àká fún àwọn ẹyẹlé. A jẹ àkàsà tútù àti ẹja díndín, torí oúnjẹ tí kò ní gbígún ni. Òyìnbó náà dé ní ọ̀sán, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀. Bátìrì náà kò ṣiṣẹ́. Ó tú u, ó nù ún, ó tún un so. Ó rán dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lọ mú òmíràn wá. Òòrùn kúrò lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó dé ara ògiri. Àwọn mẹ́ta náà kò dìde lórí ìjókòó wọn. Yawó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ lé itan. Bàbá mi ń tẹ orí orúnkún rẹ̀ láìdún, ó ń mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bátìrì tuntun dé, ìgbà tí Ìyáàgbà máa ń wálé ti kọjá. Kò sí ẹni tó rántí. Òyìnbó náà ti ilẹ̀kùn, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí, ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo dúdú tó ń yí. Fọ́nrán tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára àwo náà bí irun, òyìnbó náà sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a sẹ́yìn. Ó na ìka sí bàbá mi. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sí igun yàrá láàárín ẹsẹ̀ ìyá mi, mo mọ gbogbo orin náà lórí, mo sì ń bá a lọ nínú ara mi láìmira: ọwọ́ òsì bàbá mi tó ń rìn bí ẹni tó ń gun òkè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń sáré síwájú tó ń dúró de èkejì, bàásì lábẹ́ wọn, ìgbálẹ̀ Yawó lórí gbogbo rẹ̀. Wọn kò tíì ṣe é dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé èmi tí mò ń sọ ọ́ jẹ́ ọmọ wọn.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú ilé o."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ọwọ́ náà ń rùn fún ẹja. Orin ń lọ.

"Ẹ kú ilé o!"

Kò sí ẹni tó dáhùn. A gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó kan òkúta lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà, irú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Òjó? Kọ̀jó? Ìyàwó? Kí ló dé? Ṣé kò sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́ ni?"

Òjó ni orúkọ bàbá mi. Láti ibí yìí lọ, ohun tí mo rántí kò tò. Mo rántí pé wọ́n ń dáhùn. Mo rántí pé ó pe orúkọ mi, pé ọwọ́ ìyá mi kò sí lẹ́nu mi mọ́, pé mo fi gbogbo agbára mi kígbe, "Mo wà o, Ìyáàgbà! Mo wà!" Mo sì rántí òyìnbó náà tó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ létí, tó kọjú sí mi, èmi nìkan, tó ní ó ti bàjẹ́.

Bàbá mi dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Ìyáàgbà ní òun dúró de odó títí oko fi tutù, òun ò gbọ́ odó, bẹ́ẹ̀ ikú nìkan ló máa ń dá odó ilé òun dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré ní, "Ìyá, ẹ ò gbọ́ píánò ni?"

"Mo gbọ́ píánò," ó ní. "Mi ò gbọ́ ènìyàn."

Òyìnbó náà ti ń kó ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ àwo náà nù, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú sórí ìwé fún un. Ó gbé e lọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ènìyàn mẹ́jọ ló gbé píánò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ní Agbonou, Yawó ló sì fọn fèrè fún ọkọ̀ ojú irin náà, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya eyín píánò sórí tábìlì ìjẹun wa láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, funfun àti dúdú, ó jókòó sídìí rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn méjì yòókù. Wọ́n wá. Bàbá Kékeré kò ṣe àwàdà kankan. Bàbá mi gbé ìka lé tábìlì, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀." Bàásì àti ìgbálẹ̀ nìkan ni a gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yà síbi tó yẹ kí wọ́n yà, wọ́n sì dúró síbi tó yẹ. Ọjọ́ Àìkú mélòó ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò lè sọ. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi dẹ́kun fífọ tábìlì náà.

Èmi ni wọ́n ní mo ba àwo jẹ́. Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Bàbá Kékeré ló sọ mí ní Abàwojẹ́, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. "Gbogbo wa ti pa ẹnu mọ́," á sọ fún àlejò, "àfi Abàwojẹ́ tó kígbe. Ìgbà tí òun ti dáhùn, kí ló tún kù? Ni àwa náà bá dáhùn." Yawó ní bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá mi ní ọwọ́ òun lè ti yọ̀, kò dá òun lójú. Bàbá mi nìkan ló ń sọ òmíràn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn," á wí. Wọn á rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rò pé ó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo gbé èrò náà lọ sí ilé ìwé ní òkèèrè: pé mo gba ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ó ń purọ́ nítorí mi. Ìyáàgbà kú nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo wálé, mo rí i pé ẹnikẹ́ni kì í dúró lẹ́bàá òkúta náà mọ́. Wọ́n kàn ń wọlé ni.

Ní ọdún tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi, àpótí pẹlẹbẹ kan dé sí orúkọ bàbá mi, mo sì wà ní Lomé, èmi ló ní kí n lọ gbà á. Ọmọbìnrin tí òyìnbó ẹlẹ́rọ yẹn bí ló fi ránṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì ń kó ẹrù ilé rẹ̀ jáde. Ó kọ̀wé pé àwo náà rọ̀, pé gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gba orí rẹ̀ kọjá ló ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a má gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti fi yíǹkì kọ ọ̀rọ̀ sí àárín rẹ̀ lédè Faransé: Atakpamé, píánò, ó bàjẹ́.

Ó yẹ kí n gbé e lọ fún wọn láìgbọ́ ọ. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yá giramafóònù ọ̀rẹ́ mi kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú ìwé àti aago, mo sì pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí. Àwo náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ìyáàgbà kí ilé nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Ó tún kí i. Ó pe orúkọ wọn. Ọwọ́ òsì bàbá mi kò dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mú orin náà wá sí ibi tó ti máa ń sinmi, ó gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá mi jáde, láìyára, bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lásán: "Èmi nìyí, Ìyá. Mo wà. Ẹ kú àbọ̀." Òun ló ṣáájú. Kò sí ohùn ọmọdé kankan kí ó tó sọ̀rọ̀. "Kọ̀jó wà, Ìyá," bàásì kò sì fo okùn kan. Ìyá mi ní, "Èmi náà wà, Ìyá. Kòfí wà lọ́dọ̀ ewúrẹ́." Ìyáàgbà ní, "Ta ló wá ń gbálẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" "Èmi Yawó ni, Ìyá. Ìlù ni o." Ẹ̀rín bàbá mi wà níbẹ̀, kedere, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wọlé padà lórí ẹ̀rín náà. Ìyáàgbà ní, "Àfí ńkọ́?" Àwo tán.

Ìdáhùn mi kò sí lórí rẹ̀. Mo rò pé mo mọ bí ìtàn náà ṣe yí: nígbà tí àwo tán, òyìnbó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dá orin dúró, igbe mi sì bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ni gbogbo wọn gbọ́ láìsí orin lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí kéré: bàbá mi ló kọ́kọ́ dáhùn, kò sì fi ìkánjú dáhùn. Ó mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ó mọ̀ pé kò sí àwo mìíràn, pé kò sí ọjọ́ mìíràn. Ó gbé orin rẹ̀ kalẹ̀ síbi tó dára, ó sì dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò purọ́ kankan nítorí mi. A kàn kọ̀ láti gbà á gbọ́ ni.

Mo gbé àwo náà gòkè lọ sí Atakpamé. Mo gbé giramafóònù sí yàrá àlejò, níbi tí àmì ẹsẹ̀ píánò ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì, mi ò sì sọ ohunkóhun fún wọn. Bàbá mi jókòó, ìka rẹ̀ lórí orúnkún. Ìyá mi jókòó tì í. Bàbá Kékeré wá láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun pákó lára, Yawó náà gun òkè wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ó ti ń dún gbuugbu ju ti Lomé lọ díẹ̀, bí ìwé ọmọbìnrin náà ṣe wí. Bàbá Kékeré ń mi orí sí bàásì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí Ìyáàgbà fi kí ilé. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dáhùn nínú àwo, Bàbá Kékeré gbójú sókè wò mí, ó wo bàbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ̀yin ni lóòótọ́."

"Mo ti ń sọ ọ́ fún yín tipẹ́. Dákẹ́, ká gbọ́."

Yawó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń sọ pé ìlù ni o, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ti mọ ohun tó kàn. Mo ti rò pé mo ti múra sílẹ̀ fún un.

"Àfí ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ ń họ etí àwo tó ṣófo, ó ń yí, ó ń yí. Kò sí ẹni tó wò mí.

"Mo wà, Ìyáàgbà," mo ní. "Ẹ kú àbọ̀."

Ìgbà náà ni mo tó gbé abẹ́rẹ́ kúrò.